Èdè Kọ́ Ló Fà Á

Bí ẹ bá ń wá obìnrin tó ní ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í, ẹ lọ sí Àpáta ní ìlú Jọ́ọ̀sì, kí ẹ béèrè Àǹtí Ìbíjọkẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, Jọ́ọ̀sì náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti sọ ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ di jẹ́lé-ó-sinmi. Ó kun ògiri, ó ra àga kéékèèké, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, àwọn òbí sì ń kó ọmọ wá. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọ mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, ọmọ Háúsá wà níbẹ̀, ọmọ Berom àti ọmọ Ígbò náà wà níbẹ̀, èdè kan náà ni gbogbo wọn sì fi ń sunkún.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, obìnrin náà mọ ọmọ tọ́jú. Bó bá ti gbé ọmọ mọ́ra, ó ti mọ èyí tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀ àti èyí tí kò sun oorun àná dáadáa. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè sọ pé "n kò mọ̀". Bí ọ̀rọ̀ náà bá fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, kíá ló máa yí i padà di ìmọ̀ràn.

Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú bọ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tohirat mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Nusaybah lorúkọ ọmọ náà, ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń wo gbogbo nǹkan, ó sì ti fa aṣọ Ìbíjọkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá rẹ̀ tó jókòó.

"Àǹtí, kò tíì sọ̀rọ̀ o," Tohirat wí. "Nígbà tó pé ọmọ ọdún kan, ó máa ń pe bàbá rẹ̀. Ó máa ń pe èmi náà. Ìgbà tó yá ni ibà líle kan gbé e ṣánlẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò ní ọsibítù. Láti ìgbà yẹn..."

Ìbíjọkẹ́ kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Èdè mélòó lẹ ń sọ nílé?"

Tohirat rò ó. "Ìyá ọkọ mi ń sọ Yorùbá Ìlọrin. Èmi àti ọkọ mi, ibí ni wọ́n bí wa sí, Háúsá la máa ń bá ara wa sọ. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì."

"Ẹ ò wá rí i?" Ìbíjọkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Èdè ti pọ̀ jù fún un. Ọmọ ò mọ èyí tó máa mú. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ gbé ìyókù jù sílẹ̀. Ẹ máa wò ó, kó tó di Ìléyá, ẹ̀yin náà lẹ máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́."

Ẹ má bá a wí jù. Kò sí Yorùbá kan ní Jọ́ọ̀sì tí kò ní sọ ohun kan náà. Kò sí agboolé tí kò ní ìtàn ọmọ tí èdè mẹ́ta dà lọ́kàn rú, tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, tó wá di aláròyé. Ìbíjọkẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ní ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ló pé kó tó la ẹnu. Ẹ wá wò ó lónìí, ta ló lè pa á lẹ́nu mọ́?

Tohirat gbé ọ̀rọ̀ náà délé, inú ìyá ọkọ rẹ̀ sì dùn dé ẹ̀yìn. Alájà Hàbíbátù ni wọ́n ń pe ìyá náà, ọmọ Ìlọrin tó ti ń ta aṣọ ní Jọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bí Warith ọmọ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ bàbá Nusaybah. Ó ti pẹ́ tí Háúsá tó ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bí Alájà nínú. Ó wá rí ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Háúsá níwájú ọmọ náà mọ́. Warith á ti la ẹnu tán, ìyá rẹ̀ á ti ranjú mọ́ ọn.

Ní jẹ́lé-ó-sinmi, òfin náà tún le ju tilé lọ. Monica, ọmọbìnrin Berom láti Du tó ń bá Ìbíjọkẹ́ ṣiṣẹ́, Háúsá ló fi ń bá àwọn ọmọ ṣeré. Ìbíjọkẹ́ pè é sí kọ̀rọ̀. "Má bá Nusaybah sọ̀rọ̀. Èmi nìkan ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀, ní Yorùbá pọ́nńbélé." Ó tún gbé àga ọmọ náà kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí Háúsá àwọn yòókù má baà bá a. "To, Àǹtí, mo ti gbọ́," ni Monica wí, kò sì wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báyìí ni ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe di ẹni tí ń dá jókòó. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jó yípo, ó máa ń wo ẹsẹ̀ wọn, tirẹ̀ náà á sì máa mì lábẹ́ àga. Bó bá sá lọ bá wọn, Ìbíjọkẹ́ á gbé e padà, á fi ọwọ́ pa á lórí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ Yorùbá pọ́nńbélé. Nígbà tó di oṣù Kejì, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í géni jẹ. Ó gé ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Umar jẹ lápá, ó gé Ìbíjọkẹ́ náà jẹ níka. Àwọn òbí kan wá ń sọ pé ọmọ náà ti ya ìpáǹle.

Oṣù márùn-ún kọjá, Nusaybah kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù Kẹrin ni Tohirat wá, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní Alájà ti pinnu. Sátidé tó ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa mú Nusaybah lọ sí Ìlọrin, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ Háúsá. Ọdún méjì ni wọ́n dá fún un.

"Ọdún méjì?" ni Ìbíjọkẹ́ wí.

"Alájà ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, pé èdè kan ṣoṣo ni kó máa gbọ́." Tohirat fi ìbòrí nu ojú. "Àǹtí, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí rèé."

Inú Ìbíjọkẹ́ bà jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Báwo ló ṣe máa wá sọ pé ìmọ̀ràn òun ti le jù? Ó ní, "Ó máa dáa, má sunkún." Tohirat lọ. Ìbíjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, iye wọn kò bára mu.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ ọ̀dùnkún òyìnbó àti ẹ̀wà tán, àwọn ọmọ sùn lórí ẹní. Ojú ọjọ́ ti ṣú láti ìdajì ọ̀sán. Lójijì ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ró lórí páànù. Kì í ṣe òjò, yìnyín ni, irú èyí tó máa ń jábọ́ ní Jọ́ọ̀sì nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó ń lu òrùlé bí ìgbà tí èèyàn ń da òkúta sínú agbada. Ẹni méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò lè gbọ́ ohùn ara wọn. Gbogbo ọmọ ló ta gìrì, gbogbo wọn ló fi igbe ta. Umar sá wọ abẹ́ tábìlì, àwọn méjì dì mọ́ Monica lẹ́sẹ̀. Ìbíjọkẹ́ gbé ọ̀kan sápá ọ̀tún, ó gbé òmíràn sápá òsì, ó sì ń yíjú kiri wo ẹni tó kù.

Ẹni tó kù ni Nusaybah. Ó ń sùn. Ó fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n.

Orí Ìbíjọkẹ́ wú. Ó dúró síbẹ̀, ọmọ méjì ń ké sí i létí, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọmọ kẹta. Nígbà tí yìnyín dá, tí Nusaybah sì jí fúnra rẹ̀, Ìbíjọkẹ́ lọ mú ọmọrí ìkòkò kan ní ilé ìdáná, ó yọ́ dé ẹ̀yìn ọmọ náà, ó sì sọ ọ́ lu sìmẹ́ǹtì. Gbogbo ọmọ ló fò sókè. Nusaybah ń fa okùn bàtà rẹ̀. Ó tún pè é, ó fi gbogbo agbára pè é, "Nusaybah!" Ọmọ náà rí i pé Umar ń wo ẹ̀yìn òun, ó bá yíjú wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín sí Àǹtí rẹ̀.

"Monica," ni Ìbíjọkẹ́ wí, ó ti jókòó sórí àga ọmọdé. "Ọmọ yìí ò gbọ́ràn."

"Mo mọ̀, Àǹtí," Monica dáhùn. Háúsá ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti fura sí i."

"Oṣù mẹ́ta! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Monica ń ká ẹní. Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ ní kí n má pè é. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ ní èmi ò mọ̀. Àǹtí, ẹ yí hàkúrì, ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Ìbíjọkẹ́ dìde, ó bá a ká ẹní tó kù.

Lóru ọjọ́ náà, ọ̀nà méjì ló wà níwájú Ìbíjọkẹ́. Tó bá dákẹ́, ọmọ náà máa lọ sí Ìlọrin, wọ́n máa fi ọdún méjì sọ Yorùbá sí etí tí kò gbọ́, wọ́n á máa pè é ní olóríkunkun, wọ́n sì lè máa nà án. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo Àpáta ló máa gbọ́ pé Àǹtí tó mọ gbogbo nǹkan ló fi ọmọ adití jókòó sí kọ̀rọ̀ fún oṣù márùn-ún. Ta ló tún máa gbé ọmọ lé e lọ́wọ́? Ó rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó gbé gèlè sórí, ó kọrí sílé Alájà.

Ó bá Alájà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tohirat ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀, Nusaybah ń fi ìdérí ike ṣeré nílẹ̀. Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀ kí Alájà, wọ́n kíra títí, ó sì sọ ohun tó bá wá.

Alájà gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, èdè ni o wí. Lónìí, o ní etí ni. Lọ́la ńkọ́, ṣé imú ni yóò kàn?"

"Ẹ má bínú, Alájà."

"Kò sí adití nínú ìran wa! Ọmọ yìí ń gbọ́! Àràárọ̀ tí mo bá ń ka Àlùkùránì, iwájú mi ló ń jókòó sí, bí ẹnu mi ṣe ń mì ni tirẹ̀ náà ń mì. Ṣé adití ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Wò ó." Ó pa ọwọ́ pọ̀ mú ọmọ náà, ó gbé e ka iwájú ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà. Òótọ́ ni. Ètè Nusaybah ń mì, ó ń tẹ̀ lé ìyá àgbà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbíjọkẹ́ ń wo ètè náà. Àbí òun tún ti sọ ohun tí òun kò mọ̀?

"O rí i?" ni Alájà wí.

Tohirat ló fọhùn. Ọdún mẹ́fà tó ti wà nílé ọkọ, kò tíì já lu ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ rí. "Alájà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi ìbòrí yín bo ẹnu, kí ẹ tún un kà."

Alájà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Síbẹ̀, ó fa etí ìbòrí rẹ̀ sókè, ó fi bo ẹnu àti imú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ròkè, ó mọ́ gaara, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù níbẹ̀.

Ètè Nusaybah dúró. Ó wo ojú ìyá àgbà rẹ̀, ó wo aṣọ náà. Ó tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì. Ó wá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ náà mú, ó fà á wálẹ̀ kúrò lẹ́nu Alájà, ó sì jókòó padà, ó ń wo ètè rẹ̀, ó ń retí kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Alájà tún bò ó. Ọmọ náà tún fà á wálẹ̀. Ìgbà kẹta, kò tilẹ̀ jẹ́ kí aṣọ náà dé ẹnu.

"Ikon Allah!" ni Alájà wí. Háúsá ló fi pe agbára Ọlọ́run, kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ó gbé ọmọ náà lé itan, ó fi àgbọ̀n lé e lórí, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. "Ṣé ojú lo fi ń gbọ́ mi láti ọjọ́ yìí? Háà, Nusaybah! Ojú lo fi ń gbọ́ mi?"

Ìbíjọkẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin tó jẹ́. "Alájà, èmi ni mo fà á. Tohirat sọ nípa ibà yẹn fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. N kò mọ̀, mo wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀. Ẹ má mú un lọ sí Ìlọrin. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù, kí ẹ sì fún mi láàyè kí n tún un ṣe."

"Dìde," ni Alájà wí. "Ìwọ nìkan kọ́. Ìwọ ń rí i lójúmọmọ, àwa ń sùn tì í. Tohirat, tú báàgì yẹn."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, gbogbo wọn, títí kan Warith tó ti ọ̀nà Kánò dé. Dókítà àyẹ̀wò etí ní etí ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan kan, ti òsì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn yóò sì ràn án lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n tètè kọ́ ọmọ náà ní èdè ọwọ́, kí àwọn fúnra wọn náà kọ́ èdè náà, nítorí ọmọ kì í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún ògiri. Warith bi í pé èdè wo ni kí àwọn máa sọ nílé. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó bá wù wọ́n, èdè kò pa ọmọ lára rí. Ìbíjọkẹ́ wo ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́lé-ó-sinmi Àpáta ṣe bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun. Nusaybah padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n bẹ Dávídì, télọ̀ kan ládùúgbò tó jẹ́ adití láti kékeré, pé kó máa wá kọ́ wọn ní gbogbo Ọjọ́rú. Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti ń fọwọ́ béèrè omi, wọ́n ti ń fọwọ́ bú ara wọn. Monica náà mọ̀ ọ́n kíákíá. Ìka Ìbíjọkẹ́ ló yi bí igi, Umar ọmọ ọdún mẹ́rin a sì máa mú un lọ́wọ́ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọ. Bó bá fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fọwọ́ kàn án léjìká, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ojú òun. Nusaybah kò géni jẹ mọ́. Kí ló fẹ́ fi eyín sọ nígbà tó ti ní ọwọ́?

Bàbá kan wá fapá jánú pé ọmọ òun kì í ṣe adití, kí ló ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ sí òun nílé? Alájà wà níjókòó lọ́jọ́ náà. Ó bi í pé kí ni ọmọ náà fi ọwọ́ sọ. Bàbá náà ní wọ́n ní ó túmọ̀ sí "ẹ ṣé". "Oò!" ni Alájà wí. "Ọmọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o wá gbé ìjà wá sílé ìwé." Ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán Ẹtì kan ní oṣù Kẹfà, iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́jọ́ náà, ara sì ti ń kan Ìbíjọkẹ́ díẹ̀. Ó rí bískítì lọ́wọ́ Nusaybah, ó rò pé ó jí i mú ni, ó já a gbà, kò bi í léèrè, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí Alájà fi dé láti wá mú ọmọ rẹ̀. Nusaybah sáré lọ pàdé rẹ̀. Ó dúró gbọn-in níwájú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ṣe àmì Àǹtí, ó ṣe àmì bískítì, ó ṣe àmì tèmi. Ó wá ṣe àmì gbà, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fajú ro.

Monica dúró sójú kan. Ọmọ náà kò tíì so ọ̀rọ̀ mẹ́rin pọ̀ rí.

"Ìbíjọkẹ́," ni Alájà wí, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ti fa ọmọ náà mọ́ra. "Ọmọ mi ń fi ẹjọ́ rẹ sùn. Ó ní o gba bískítì òun. Ṣé òótọ́ ni?"

Monica ló fún ọmọ náà ní bískítì, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ìbíjọkẹ́ jẹ̀bi. Ohun tó wá gbà á lọ́kàn ni pé oṣù márùn-ún gbáko lòun fi ṣe ohun tó wu òun fún ọmọ yìí, tí kò rí ẹni tó lè rò ó fún. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Òótọ́ ni, Alájà. Òótọ́ ló sọ."

Ó mú bískítì náà wá, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà. Ó di ìkúùkù, ó fi ń yí lórí àyà rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Nusaybah wo ìkúùkù náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mú ọwọ́ Àǹtí rẹ̀, ó tò ó bó ṣe yẹ, ó sì juwọ́ sí i pé kó tún un sọ. Ìgbà tí Ìbíjọkẹ́ sọ ọ́ dáadáa tán ni ọmọ náà tó tẹ́wọ́ gba bískítì rẹ̀.